ÈÉSÚ, ÀJỌ ÀTI ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ: OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ KỌ́ WA ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN ÌKÒRÒDÚ ÀTI Ẹ̀PẸ́

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò sí ọmọ Ìkòròdú tàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a bi ara wa léèrè pé: báwo gan-an ni àwọn baba àti ìyá wa ṣe ń kó ọwọ́ jọ? Kí ni òfin wọn? Kí ni ó mú kí ẹgbẹ́ kan pẹ́ títí, tí òmíràn sì tú ká kí ọdún kan tó yí po? Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, nílé àti lókè òkun. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bí irú tiwa yìí jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nítorí náà ó tọ́ kí a mọ ohun tí wọ́n rí, kí a sì mọ ohun tí a kò tíì bèèrè lọ́wọ́ ara wa.

ÌLÚ MÉJÌ LÉTÍ Ọ̀SÀ

Ojú ọ̀nà ọjà ni ìlú méjèèjì láti ìgbà pípẹ́ wá. Láti Ìkòròdú ni ẹrù Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, tí ẹrù òyìnbó sì ń gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ òkè. Nítorí ọ̀nà òwò yìí ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú, títí tí John Glover, tí ó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, fi rán ọmọ ogun láti tú ìdótì náà ká ní oṣù Kẹta ọdún 1865. Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ibùjókòó. Níbẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó bá Kọ́ńsù Benjamin Campbell ṣe àdéhùn lórí òwò ní ọdún 1854, kò sì padà sí Èkó títí di ọdún 1862. Láti ìgbà náà ni àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ti ń bá àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ gbé pọ̀.

Irú òwò báyìí ń fẹ́ owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí yóò ra ọkọ̀ tàbí àwọ̀n kò lè rà á ní ìdajì. Obìnrin tí ó fẹ́ ra epo tàbí ẹja púpọ̀ ní ọjọ́ ọjà kò lè dúró títí èrè kékeré yóò fi di ńlá. Níbo ni òtòṣì yóò ti rí irú owó bẹ́ẹ̀?

ÌWỌ̀FÀ TÀBÍ ÈÉSÚ

Ọ̀nà kan ni ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe ni èlé orí owó náà, kò sì dín gbèsè kù. Bí ó sin ọdún mẹ́wàá, bí owó ti rí ni ó wà. Nígbà tí ìjọba gbógun ti ìwọ̀fà, olówó èlé sógundógójì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà kejì ni èésú. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Bí ènìyàn 10 bá pinnu láti máa dá ṣílè kan ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ṣílè 10 ni yóò máa jọ nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọjà 10, olúkúlùkù ti dá ṣílè 10, olúkúlùkù sì ti gba ṣílè 10. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó lè rò pé kò sí ẹni tí ó jèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti yá owó lọ́wọ́ ènìyàn 9 láìsan èlé, láìfi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn ti fi owó pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò lè tó o. Òpó tí ó gbé ilé náà ró ni ìgbẹ́kẹ̀lé, nítorí ẹni tí ó ti kó èésú lè sá lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń yan olórí èésú tí ó mọ ilé àti ẹbí olúkúlùkù, tí orúkọ rẹ̀ sì tóbi lójú ara rẹ̀ ju owó lọ.

Àjọ yàtọ̀ díẹ̀. Alájọ ń gba owó kiri lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń dá a padà ní òpin oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ti iṣẹ́ oko ni àáró àti ọ̀wẹ̀: nínú àáró, iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́, nínú ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ọpẹ́ ni.

OHUN TÍ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ RÍ

Ẹ̀rí ìwé tí ó lọ́jọ́ lórí jùlọ nípa èésú wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ni ènìyàn 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, ṣí ìsọ̀ kékeré kan pẹ̀lú pọ́n-ùn 28 tí wọ́n dá jọ. Ìsọ̀ náà ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìyá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti òde òní. A kò wí pé ohun kan náà ni méjèèjì. Èésú a máa pín owó rẹ̀ tán ní òpin ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ti Rochdale fi owó sílẹ̀ ní àpapọ̀, wọ́n ń fi í ra ọjà, wọ́n sì ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti ná owó tó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ pé nígbà tí a ń ṣí ìsọ̀ náà, èésú ti ní orúkọ nínú ìwé.

Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ èésú nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, ṣàlàyé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ó kú kí ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1970. Ní ọdún 1952, William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ti gbé ní Ilé-Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi èésú hàn fún àwọn ọ̀mọ̀wé ayé. Wọ́n tún rí i pé àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú gbé èésú kọjá òkun: susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní.

Ní ọdún 1962, ọ̀mọ̀wé mìíràn, Clifford Geertz, wí pé irú ẹgbẹ́ báyìí dà bí àárín àkàbà: ènìyàn yóò gùn ún láti ìgbà àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ báńkì, lẹ́yìn náà yóò fi í sílẹ̀. Ọjà wa ti dá a lóhùn. Báńkì pọ̀ ní Ìkòròdú lónìí, èésú àti àjọ kò sì kú. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì ṣì ń dá àjọ, nítorí báńkì kò mọ ìyá rẹ̀.

LÁTI AGÉGE DÉ ÌBÀDÀN

Àwọn àgbẹ̀ kòkó Agége, tí J. K. Coker jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1907 láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ lórí oko àti títà kòkó. Ìjọba kọ́ ni ó pàṣẹ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe C. F. Strickland, tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà ní Íńdíà, láti wá wo ilẹ̀ wa. Ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1934. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní ọdún 1935, a sì fi Mejò E. F. G. Haig ṣe Rẹ́jísítírà àkọ́kọ́.

Ẹ kíyèsí orúkọ náà: alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ó jẹ tí ó sì ṣẹ́ kù. Láàárín ọdún 1940 sí 1960 ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí gbilẹ̀ jùlọ. Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú wọn, a sì dá báńkì wọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1953. Lẹ́yìn òfin ìjọba ọdún 1951, abẹ́ Ìbàdàn kan náà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀.

Kí ni ó dé lẹ́yìn náà? Ní ọdún 1986 ni ìjọba pa ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n kó kòkó jọ fún ìgbìmọ̀ náà kò ní iṣẹ́ mọ́. Báńkì náà di ara Skye Bank ní ọdún 2006. Ní ọdún 2018, Polaris Bank gba ipò Skye Bank. Ṣùgbọ́n èésú ìsàlẹ̀ ọjà, tí kò ní ilé alájà, kò ṣubú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò kú, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí ó fi ẹ̀yìn ti ìjọba nìkan yóò ṣubú nígbà tí ìjọba bá yẹ̀ ẹ̀yìn. Èyí tí ó fi ẹ̀yìn ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dúró.

Obìnrin Amẹ́ríkà kan, Elinor Ostrom, fi ìwádìí kín èyí lẹ́yìn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990, ó wo àwọn apẹja ní Tọ́kì, àwọn tí ń jọ lo omi oko ní Sípéènì, àti àwọn tí ń jọ lo igbó ní Jàpáánì. Àwọn kan ti ń wí pé ohun tí gbogbo ènìyàn bá jọ ni kò lè ṣàì bàjẹ́. Ostrom rí i pé kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi tí a bá ti mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, tí àwọn tí ń lò ó ti fúnra wọn ṣe òfin, tí àwọn tìkára wọn ń ṣọ́ ọ, tí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ kéré tí ti ẹ̀ẹ̀kejì sì pọ̀ jù ú lọ, tí a sì ń tètè parí ìjà. A fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ti ètò ọrọ̀-ajé. Olórí èésú wo ni kò mọ òfin wọ̀nyí?

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ

Àwọn aládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti fi hàn pé ìwádìí lè di oúnjẹ. Ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí òṣì ìlú wọn, wọ́n sì pe gbogbo ìlú jọ láti gbìmọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tí ó kú ní ọdún 2022, ni ó ṣe aṣáájú ètò náà. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn jọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí oko ẹja ńlá ti Eriwe sì ti jáde.

Àwa ńkọ́? Ifẹ̀ ni Bascom ti wádìí. Ìbàdàn àti oko kòkó ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń sọ. Àwọn ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àti àwọn tí ń ta gàrí ní Ìkòròdú ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé wọ̀nyí. Orí àwọn àgbà ni ó wà, àgbà kì í sì í dúró de akọ̀wé. Ìwé èésú tí ikán jẹ tán kò ní ẹ̀dà.

Nítorí ìdí èyí, mo fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. Èkíní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò gba ìtàn èésú, àjọ àti àáró sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ní ohùn wọn gan-an. Èkejì, kí a kó àwọn ìwé ìpàdé àti ìwé owó àtijọ́ jọ sí ibi kan tí òjò àti ikán kò lè dé, kí a sì rán ẹni tí yóò wá ohun tí ó kàn wá nínú ìwé ọ́fíìsì Kọmíṣánnà Kólónì, tí ó wà ní ilé ìwé àtijọ́ ti ìjọba ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta, kí a bá àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà láàárín wa sọ̀rọ̀, ní yunifásítì ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wà ní Ìkòròdú àti ní ti ẹ̀kọ́ ní Nófọ́rìjà ní Ẹ̀pẹ́, kí àwọn ọmọ wa lè fi ìlú wọn ṣe ẹ̀kọ́ àṣekágbá wọn.

Kì í ṣe nítorí ìgbéraga ni. Ìyàwó ilé tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò lónìí, tí sógundógójì inú fóònù ń dẹ okùn fún, nílò ẹgbẹ́ tí ó dúró ṣinṣin. Bí a bá mọ ohun tí ó mú ti ìyá ìyá rẹ̀ dúró, a ó mọ bí a ti ń kọ́ tirẹ̀. Àìmọ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí.