Àṣẹ Láti Kọ Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí nọ́ọ̀sì àti apòògùn máa kọ oògùn fún aláìsàn? Àwọn kan ní àṣà tuntun ni. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀.

Láti Ṣakí dé Ìbàdàn ju 150 kìlómítà lọ. Lóòótọ́, ilé ìwòsàn Ìjọ Onítẹ̀bọmi wà ní Ṣakí, ṣùgbọ́n abà àti abúlé pọ̀ láàárín Ṣakí sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ tí ibà bá kọlù lóru níbẹ̀ kò lè dúró de dókítà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí ni yóò tọ́jú rẹ̀.

Dókítà David Morley ti Ilé Ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, sọ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ di ètò ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní ń yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wò, tí wọ́n sì ń fún un ní oògùn. Èyí tí ó bá ju agbára wọn lọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko. Ìwé ìlànà ni wọ́n ń tẹ̀ lé: bí àmì báyìí bá hàn, oògùn báyìí, bí ó bá le ju báyìí lọ, ilé ìwòsàn yá. Ní 2014, ìjọba fi ìlànà mìíràn pín lára iṣẹ́ dókítà fún nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe òfin fún nọ́ọ̀sì ní 1992. Ní 2006, nọ́ọ̀sì àti apòògùn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gba àṣẹ tí ó gbòòrò.

Ẹ̀rù àwọn dókítà kì í ṣe lásán. Àìsàn méjì lè ní àmì kan náà. Àṣìlò oògùn a sì máa sọ kòkòrò àrùn di alágbára. Bákan náà, ẹni tí ó ń kọ oògùn tí ó tún ń tà á, èrè lè fa ojú rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ léwu jù. Bí aláìsàn bá gbádùn, kò sí ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀; bí ó bá kú, wọn a ní ta ni ó rán nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Nítorí náà, kí a kọ́ wọn, kí a pààlà iṣẹ́ wọn, kí a sì fi àṣẹ náà sínú ìwé. Ibi tí ààlà náà yóò dé ni a fẹ́ kí àwọn àlejò wa là yé wa.