Ọ̀rá tó Dì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Onígi

Ọ̀rá tó ń dì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná jẹ́ òróró oúnjẹ tó bá ooru gbéra láti inú agbada, tó tutù nígbà tó kan igi, tó sì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè sítóòfù yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: ìka á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì gbé èérí pupa rúsúrúsú bọ̀. Ní Mile 3, ní Diobu ìlú Port Harcourt, èérí náà kì í dúró ní pupa. Dúdú ló ń dà.

Ìkòkò nìkan kọ́ ló fà á. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń balẹ̀ sórí ìlú náà, débi pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé láàárọ̀ á rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹni tó tẹ èédú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì ní bòókẹ́lẹ́ nínú igbó etí omi, iṣẹ́ tí ará ìlú ń pè ní kpo-fire. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Nyesom Wike, gómìnà ìgbà náà, kéde ogun lórí iṣẹ́ náà. Èéfín tó bá gba ojú fèrèsé wọlé kò sì níbi tó ń dì mọ́ tó igi tí ọ̀rá ti kùn.

Omi lásán kò lè ràn án, nítorí ọ̀rá tó ti pẹ́ kì í ṣe òróró mọ́. Bí atẹ́gùn ṣe ń bá a jà lóṣooṣù, ó ń so kọ́ra, ó ń ki, ó sì ń le. Bí òróró linseed ṣe ń gbẹ di fánìṣì lójú igi gan-an nìyẹn. Òróró sóyà pàápàá wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà. Epo pupa kì í le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n lẹ̀. Ìbátan fánìṣì ni èérí yìí, ohun tó bá sì lágbára láti jẹ ọ̀kan lè jẹ èkejì. Ibẹ̀ ni wàhálà iṣẹ́ náà wà.

Ohun tó ń ṣẹ́gun ọ̀rá kò ṣàjèjì lọ́jà. Àwọn tó ń se nkwobi, oúnjẹ Igbo kan, máa ń rẹ kán-ún sómi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú epo pupa, wọ́n á sì máa rò ó títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí yóò sì ki. Ncha ni àwọn Igbo ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọṣẹ, kò sì ṣì: kán-ún ti ń sọ epo di ọṣẹ nínú ìkòkò. Omi eérú tí àwọn Yorùbá fi ń se ọṣẹ dúdú ń ṣe iṣẹ́ kan náà lára àdí. Ṣùgbọ́n kán-ún tó ki máa ń mú kí ìrókò àti ọ̀ganwó ṣú, kọ́sítíìkì sódà sì ń bó fánìṣì. Ọṣẹ olómi ìfọbọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí èèyàn kọ́kọ́ dán wò, níbi tó fara sin.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Èéfín kì í yòrò nínú omi. Bí omi bá kàn án kí wọ́n tó nù ún ní gbígbẹ, yóò wọnú ìlà igi bíi yíǹkì. Àkísà gbígbẹ ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki àkísà mìíràn bọ omi ọṣẹ, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ́ ẹ mọ́ ojú igi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdúró yẹn ń ṣe ju agbára apá lọ. Bí wọ́n bá wá fà á tẹ̀lé ìlà igi, ọ̀rá á ká jọ síwájú rẹ̀ bí ẹrẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló ń wọ kọ̀rọ̀. Omi tó mọ́ ló kàn, kí wọ́n sì nù ún gbẹ kíákíá, pàápàá tó bá jẹ́ pákó tí wọ́n fi ẹ̀bu igi lẹ̀ pọ̀, nítorí ó ń mumi, ó sì ń wú.

Ìmọ̀ràn pé kí wọ́n po fínígà mọ́ bákín sódà dùn-ún wò ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ: ó ń hó, àmọ́ àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn. Kẹrosíìnì ń tú ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, kò sì yẹ kó sún mọ́ iná. Kànrìnkànrìn onírin ń ha fánìṣì.

Bí ojú igi bá gbẹ tán tó sì hàn funfun lápá kan, fánìṣì ló ti bá ọ̀rá lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dọwọ́ káfíńtà àti sáńpépà nìyẹn.