Ọgbà Tó Pa Labalábá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí pé mo máa ń sọ fún yín pé ẹni tí gbogbo ayé ń nàka sí lè má jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn labalábá kan tì í lẹ́yìn.

Large Blue ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, àmì dúdú sì wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń kó labalábá jọ sì ń wá a kiri. Nígbà tó wá ń dínkù, àwọn yìí ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n tilẹ̀ ṣọgbà yí pápá kan ká kí wọ́n má baà rí i mú. Síbẹ̀, labalábá inú ọgbà náà kú tán. Kí ló dé?

Inú ilé eèrà ni ìdáhùn wà. Labalábá yìí a máa yé ẹyin sórí òdòdó táìmù inú pápá, ẹbí táìmù tí a fi ń se ọbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á jẹ òdòdó náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á wá já bọ́ sílẹ̀. Eèrà pupa á rí i, á ṣebí ọmọ òun ni, á gbé e wọlé. Àlejò yìí á wá máa jẹ ọmọ onílé fún bí oṣù mẹ́wàá!

Láti nǹkan bí ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ti mọ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé eèrà pupa yòówù ló lè tọ́ ọ. Àfìgbà tí Jeremy Thomas lọ jókòó ti àwọn tó kù láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló tó rí i pé ẹyọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ló bá a mu dáadáa: Myrmica sabuleti. Ilẹ̀ tí oòrùn ń pa ni eèrà yìí fẹ́. Bí koríko bá ti ga ju bíi 3 sẹ̀ǹtímítà lọ, ilẹ̀ á tutù, ẹ̀yà eèrà mìíràn á sì gba ipò rẹ̀.

Ta ló wá ń jẹ koríko náà kó má ga? Màlúù, àgùntàn àti ehoro ni. Àwọn àgbẹ̀ ti ń kó ẹran kúrò lórí òkè tí kò lérè. Ní 1953, àrùn myxomatosis wọ ìlú, ó sì pa ehoro lọ bẹẹrẹ. Ní ti ọgbà yẹn, bó ṣe lé èèyàn ló lé ẹran. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìmọ̀ dé, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ní 1979, labalábá náà tán pátápátá ní Bìrìtéènì. Wọ́n ní láti lọ mú irú rẹ̀ wá láti Sweden bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣán igbó, wọ́n da ẹran padà sí pápá, ó sì ń fò ní Somerset títí dòní.

Nítorí náà, kí ẹ tó dárúkọ ọ̀daràn nínú ìtàn èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó yí padà lórí ilẹ̀ náà.