Ebi, Ẹ̀wọ̀n àti Ẹ̀rí Ọkàn: Ọkùnrin Méjìlá tí Ilé-ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù Tì Mọ́lé ní Ọdún 1670

Yorùbá ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1670, ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù dán òwe yìí wò lára ọkùnrin méjìlá. Wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá kan fún òru méjì láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná tí wọn yóò yá. Wọn kò jalè, wọn kò pa ènìyàn. Ẹjọ́ ẹlòmíràn ni ìjọba ní kí wọ́n wá gbọ́.

Júrì ni a ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kan ènìyàn, tí onítọ̀hún sì ní òun kò jẹ̀bi, adájọ́ nìkan kọ́ ni yóò pinnu rẹ̀. Ará ìlú méjìlá tí wọn kì í ṣe amòfin ni ilé-ẹjọ́ yóò ṣà jọ. Wọn yóò gbọ́ ẹ̀rí tọ̀tún-tòsì, wọn yóò wọ yàrá lọ gbìmọ̀, wọn yóò sì jáde wá sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Àwọn amúnisìn gbé ètò yìí dé Èkó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lónìí, adájọ́ ní ń dá ẹjọ́ ní Nàìjíríà láìsí júrì. Abájọ tí àyà ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fi máa ń já nígbà tí ìwé ilé-ẹjọ́ bá bá a nílé, tí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1670. Ọba Charles Kejì ló wà lórí oyè. Òfin kan ti jáde lọ́dún náà tó ka ìpàdé ìsìn tí kì í ṣe ti ìjọ ìjọba léèwọ̀, bí àwọn tó péjọ bá ti tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ará ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, àwọn ìjọ Quaker bá ilé ìpàdé wọn ní Gracechurch Street ní títì, àwọn ọmọ ogun sì ń ṣọ́ ọ. William Penn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25, dúró sí ìta gbangba ó sì wàásù. Wọ́n mú un pẹ̀lú oníṣòwò aṣọ kan, William Mead, wọ́n ní wọ́n kó èrò jọ láti da ìlú rú.

Ohun ẹ̀rín wà nínú ẹjọ́ náà. Àkẹtẹ̀ kò sí lórí àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n wọlé. Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n dé e fún wọn, lẹ́yìn náà ló wá bu owó ìtanràn lé wọn pé wọn kò ṣí àkẹtẹ̀ níwájú adájọ́!

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán nígbà tí àwọn júrì padà dé. Mẹ́jọ nínú wọn fẹ́ dá àwọn olùjẹ́jọ́ lẹ́bi, mẹ́rin kọ̀. Edward Bushell wà lára àwọn mẹ́rin náà, òun sì ni àwọn adájọ́ dojú kọ, tí wọ́n ń bú, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún jáde, ìdájọ́ wọn ni pé Penn jẹ̀bi pé ó sọ̀rọ̀ ní Gracechurch Street. Ta ló sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́ṣẹ̀ nínú? Olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Starling, àti agbaninímọ̀ràn òfin ìlú náà, John Howel, fárí gá. Wọ́n ní a kò ní tú wọn sílẹ̀ títí wọn yóò fi mú ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ lè gbà wá. Báyìí ni wọ́n ṣe tì wọ́n mọ́lé láti alẹ́ Sátidé, láìsí tábà, láìsí póò pàápàá. Lọ́jọ́ Àìkú, ìdájọ́ kan náà ni wọ́n mú jáde. Wọ́n tún dá wọn padà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, gbogbo wọn wá fohùn ṣọ̀kan pé Penn àti Mead kò jẹ̀bi.

Ìwé tí àwọn olùjẹ́jọ́ tẹ̀ jáde fúnra wọn ló sọ púpọ̀ nínú èyí fún wa, a sì mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ti owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n tó tẹ̀lé e, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́. Máàkì 40 ni wọ́n bù lé júrì kọ̀ọ̀kan lórí, èyí tí í ṣe pọ́n-ùn 26, ṣílè 13 àti pẹ́nì 4. Lébìrà ayé ìgbà náà kì í rí iye bẹ́ẹ̀ ní odidi ọdún. Ẹni tí kò bá san án, ẹ̀wọ̀n Newgate ló ń lọ.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nínú ìtàn náà. Àwọn kan nínú àwọn méjìlá san owó wọn, wọ́n sì lọ sílé. Nígbẹ̀yìn, mẹ́rin péré ló fi dandan lé e pé àwọn kò ní san: Bushell, John Hammond, Charles Milson àti John Bailey. Àwọn òpìtàn kì í sábà dárúkọ àwọn tó sanwó. Kódà òkúta ìrántí tó wà ní Old Bailey lónìí, Bushell àti aṣáájú wọn, Thomas Vere, nìkan ló dárúkọ, ó kó àwọn yòókù pọ̀ sí ‘mẹ́wàá mìíràn’. Èmi kò lè pe àwọn tó sanwó ní ojo. Àwọn náà fara da ebi, wọ́n sì dìbò bí ẹ̀rí ọkàn wọn ti wí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ yóò ṣírò iye ọjọ́ tí òun lè lò ní Newgate.

Bushell gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ mìíràn ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n wádìí ìdí tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Adájọ́ àgbà John Vaughan dá wọn láre. Àlàyé rẹ̀ ni pé ènìyàn méjì tó mọ òótọ́ lè gbọ́ ẹ̀rí kan náà kí wọ́n sì rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Báwo wá ni adájọ́ yóò ṣe fìyà jẹ júrì nítorí pé kò rí ohun tí òun adájọ́ rí? Láti ìgbà náà, a kì í fi ìyà jẹ júrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdájọ́ tó mú wá.

Ẹ̀wọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ebi kò lọ. Fún 200 ọdún sí i, òfin kò yẹ̀ lórí pé júrì tó ti wọ yàrá ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ jẹun, kò sì gbọdọ̀ yáná. Ọdún 1870 ni ìjọba tó ní kí wọ́n máa jẹun, ó sì fi kún un pé owó ara wọn ni kí wọ́n fi rà á! Ó di ọdún 1949 kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn júrì ẹjọ́ ọ̀daràn ní nǹkan dípò owó iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù. Ní gbogbo ìgbà yẹn, onílé àti ẹni tó rí jájẹ nìkan ni òfin ń pè. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1972 mú ọ̀rọ̀ dúkìá kúrò, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbowó lójoojúmọ́ pẹ̀lú.

Ohun tí èyí lè fà hàn nínú ẹjọ́ jìbìtì lórí iṣẹ́ ojú irin Jubilee, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún méjì. Àwọn júrì ń dín kù. Ọ̀kan kọ̀ láti máa bá a lọ, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ẹjọ́ náà dà wó láìsí ìdájọ́, lẹ́yìn tó ti jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn júrì náà lẹ́nu wò lẹ́yìn náà, àwọn kan sọ pé ipò àwọn ti bàjẹ́ níbi iṣẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pọ́n-ùn 64.95 lóòjọ́ ni òpin ohun tí ilé-ẹjọ́ ń san fún owó iṣẹ́ tí júrì pàdánù ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lóru, tí ọ̀gá rẹ̀ kì í sanwó fún ọjọ́ tí kò wá, mọ ohun tí yóò ṣẹ́kù nínú owó ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ìtanràn wà fún ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí, ó sì lè tó 1,000 pọ́n-ùn. Ẹni tí ìwé náà bá bá ní àkókò tí kò rọgbọ lè kọ̀wé pé kí wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, láàárín oṣù méjìlá. Kí ó tètè fún ọ̀gá rẹ̀ ní fọ́ọ̀mù owó iṣẹ́ tó pàdánù kí ó kún un, nítorí láìsí ìyẹn, ilé-ẹjọ́ kì í san án.