Odindi Kọ́ Ni Aláìgékúrú

Bí atẹ̀wé bá kọ "unabridged" sára ìwé, ohun tó ń fi yé olùrà ni pé wọn kò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. "Odindi" ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu láti fi pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì dùn-ún gbọ́: odindi iṣu, odindi ọjọ́, odindi ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àgékúrú ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, odindi ìwé lòun náà kà. Ojú ìwé kankan kò ya, òǹkàwé náà kò sì fo ọ̀kankan. Ohun tó wà lọ́wọ́ òǹkàwé nìkan ni "odindi" mọ̀. Kò mọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ sílẹ̀ kí àwọn kan tó fọwọ́ kàn án. Ká má tilẹ̀ tíì dé orí "odindi ọba", níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ìtẹnumọ́ iyì.

"Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó ló ń wí. Ẹ wo ìwé atúmọ̀-èdè Webster's Third tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní 450,000 gẹ́gẹ́ bí àwọn atẹ̀wé ṣe ròyìn, bẹ́ẹ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní 1934, 600,000 ni wọ́n pè é. Àwọn olóòtú ti da ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ nù. Síbẹ̀ "unabridged" wà níwájú rẹ̀, wọn kò sì purọ́, nítorí wọ́n tún ìwé náà tò ni, wọn kò rẹ́ ẹ lára ìwé tó tóbi jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ Ifá kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifá ńláńlá; kékeré kì í tìtorí kíkéré di àgékúrú.

"Aláìgékúrú" ni mo fara mọ́. Àwọn kan á ní "àì" ń mú àbùkù wá, bíi ti àìsàn àti àìgbọ́ràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí àìkú, kí wọ́n rántí aláìlábàwọ́n: bí ohun tí a sẹ́ bá burú, ìyìn ni "àì" ń dà. Àtakò tó le jù ni ti "kúrú". Ní 1807, The Family Shakespeare jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n kà sí ìsọkúsọ kúrò nínú eré Shakespeare, kí baba lè kà á sétí ìyàwó àti ọmọ. Kì í ṣe kí ìwé lè kúrú ni wọ́n ṣe gé e. Mo gbà pé "aláìgékúrú" kò ká irú èyí. Ó yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ kan ru ẹrù méjèèjì. Ní ti ìwé tí a kò gé kúrú, "ẹ̀dà aláìgékúrú" ni kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, kí a sì fi "lódindi" sílẹ̀ fún ẹni tó bá kà á tán.