Wirksworth, Ìlú Òjé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí ọmọ Ìjọ wa tí kò gbọ́ orúkọ Canterbury rí, níbi tí ìjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wà. Ní ọdún 835, Cynewaru, obìnrin tí í ṣe olórí ilé ìsìn Repton, fi ilẹ̀ Wirksworth fún ìjòyè kan tí a ń pè ní Humbert, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kí ó máa fi òjé tí iye rẹ̀ tó 300 ṣílè ránṣẹ́ sí Canterbury lọ́dọọdún. Nípa ìwé yìí ni a fi mọ̀ bí òwò òjé ti pẹ́ tó ní ìlú kékeré náà, tí ó wà láàárín àwọn òkè Derbyshire. Ìwé Domesday ti 1086 ka ibi ìwakùsà mẹ́ta síbẹ̀. Ní 1306 ni Ọba Edward Kìn-ín-ní sì fi àṣẹ sí i pé kí a máa ná ọjà níbẹ̀.

Ọjà wà níbi gbogbo. Òfin àwọn awakùsà Wirksworth ni a kò rí irú rẹ̀ níbi púpọ̀. Àṣà àtijọ́ ni, tí ìwádìí tí a ṣe ní Ashbourne ní 1288 kọ sílẹ̀. Òtòṣì tí kò ní ilẹ̀ kankan ní ẹ̀tọ́ láti wọ inú oko ọlọ́rọ̀ lọ wá òjé, àfi ní itẹ́ òkú, ọgbà ilé, ọgbà eléso àti ojú ọ̀nà ọba. Bí ó bá rí òjé, onílẹ̀ kò lè lé e. Kìkì pé yóò san ìpín Ọba, òṣùwọ̀n kan nínú mẹ́tàlá. Òṣùwọ̀n idẹ tí a ṣe fún èyí ní 1513, ní ayé Ọba Henry Kẹjọ, wà ní ìlú náà di òní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi kòtò rẹ̀ sílẹ̀ láìṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ rò pé tirẹ̀ ni títí láé. Barmaster, olórí kọ́ọ̀tù wọn, a wá gé àmì sára igi tí a fi ń fa òjé sókè. Bí ó bá gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòtò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí kò bá ṣe pé omi tàbí afẹ́fẹ́ búburú ni ó dá iṣẹ́ dúró. Èyí tọ́ lójú wa. Ti olè ni ó le jù: ẹni tí a bá mú lẹ́ẹ̀kẹta, òfin ní kí a fi ọ̀bẹ kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi náà, kí ó gé ọwọ́ náà kúrò tàbí kí ó kú síbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ kò sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀. Daniel Defoe, nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tí ó jáde láàárín 1724 sí 1727, sọ ti ìyá ọlọ́mọ márùn-ún kan tí ó bá nínú ihò àpáta nítòsí ìlú náà. Pẹ́nì márùn-ún ni ọkọ rẹ̀ ń rí lóòjọ́. Òun fúnra rẹ̀ a rí mẹ́ta bí ó bá fọ òjé. Inú ihò náà sì mọ́ tónítóní.

Omi ni ó já ọwọ́ òtòṣì. Bí kòtò ti ń jìn sí i ni omi ń kún un, àwọn olówó nìkan ni ó sì lè la ihò ìṣànmi gígùn sábẹ́ òkè, bí irú Meerbrook tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1772. Omi tí ó ti inú irú ihò bẹ́ẹ̀ jáde ní Cromford wà lára èyí tí Richard Arkwright fi yí ẹ̀rọ òwú rẹ̀ ní 1771. Lẹ́yìn náà ni òjé olówó pọ́ọ́kú ti òkè òkun dé. Reluwé wọ ìlú ní 1867, fífọ́ òkúta ẹfun sì gba ipò òjé. Eruku rẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé, títí a fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìlú ní 1978.

Kọ́ọ̀tù náà ṣì ń jókòó lọ́dọọdún nínú gbọ̀ngàn tí a kọ́ ní 1814. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́, awakùsà kan tí a gbẹ́ sára òkúta dúró, díígà ní èjìká, agbọ̀n lọ́wọ́. Láti Bonsall ni a ti gbé e wá. A kò kọ orúkọ sí i.