Ta Ni Yóò San Owó Ọ̀nà Ẹja?

Yemọja ni òrìṣà tí àwọn Yorùbá so mọ́ Odò Ògùn, Yèyé-ọmọ-ẹja sì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Orúkọ yìí fi hàn pé ní ojú àwọn àgbà, ẹja kì í ṣe àlejò nínú odò. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ìlú Ìbafò kò jìnnà sí apá ìsàlẹ̀ odò yìí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1978 tí a ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, títì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ kọjú sí. Wọ́n kẹ̀yìn sí odò.

Síbẹ̀, odò ní ètò tirẹ̀. Ẹja àrọ̀ kì í gbé ojú kan. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí odò kún, tí omi sì bo pẹ̀tẹ̀lẹ̀ etí rẹ̀, ni àrọ̀ máa ń wọ́ lọ sí ibi tí omi kò gbé jìn láti yé ẹyin. Ìkún omi ni agogo tí ń pè é. Ẹni tí ó bá sé odò, agogo náà ni ó pa lẹ́nu mọ́.

Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ìdàgbàsókè Àgbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó ń mójú tó ìsédò Ọ̀yán, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1983. Ète mẹ́ta pàtàkì ni ó wà fún un: omi mímu fún Èkó àti Abẹ́òkúta, omi fún oko, àti iná mànàmáná. Ìrìn ẹja kò sí lára wọn. Òótọ́ ni pé adágún tuntun náà fún àwọn apẹja ibẹ̀ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìkún omi tí ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò kò sí lọ́wọ́ òjò nìkan mọ́. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣí ilẹ̀kùn ìsédò pẹ̀lú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí a sé Odò Ọya ní Kainji ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ rí i pé ẹja tí àwọn apẹja ìsàlẹ̀ odò ń pa dínkù gidigidi láàárín ọdún díẹ̀, bí àwọn tí ń bẹ lórí adágún tilẹ̀ ń kó ẹja rẹpẹtẹ. Ẹni tí ó jèrè kọ́ ni ó ru òfò.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí òfin láti dá ẹja padà sí Odò Elwha. Ọdún 2011 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ìsédò méjì tí ó wà níbẹ̀; wọ́n parí rẹ̀ ní 2014. Owó tí ó wọ ètò náà tó mílíọ̀nù 325 dọ́là. Ní Odò Klamath, ìsédò mẹ́rin ni wọ́n wó tán ní 2024. Mílíọ̀nù 200 dọ́là wá láti ara owó iná tí àwọn oníbàárà san, a sì ya mílíọ̀nù 250 sọ́tọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ California. Kí ọdún náà tó parí, ẹja sámọ́ọ̀nù ti kọjá ibi tí ọ̀nà wọn ti dí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìsédò Ọ̀yán kò ṣeé wó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí ń mu omi rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí Klamath kọ́ni ni pé ẹni tí ó jẹ èrè ìsédò ni ó yẹ kí ó dá nínú owó àtúnṣe. Bí díẹ̀ nínú owó omi ìlú ńlá bá lọ sí ṣíṣe ọ̀nà fún ẹja, àti sí títú omi sílẹ̀ ní àsìkò tí ẹja ń retí rẹ̀, láìjẹ́ kí ó ya wọ ilé àwọn ará Ìṣẹ́rì, kì í ṣe àánú ni a ṣe. Gbèsè ni a san. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn omi ní Ọ̀yán lè má mọ apẹja tí ń ju àwọ̀n ní ìtòsí Ìbafò. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń pín.